Ibi Tí Àgbàdo Ga Sí Kọ́ Ni Kí O Kọ́lé Sí

Ilé Bàbá wa,
Osi.
Ọjọ́bọ̀.

Bùrọ̀dá mi Bámidélé,

Èmi Dúpẹ́ àbúrò yín ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n Màmá ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kí n tó kọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo rí láàárọ̀ òní sílẹ̀, nítorí òun ló bí lẹ́tà yìí.

Mo rí èèkàn mẹ́jọ ní ẹ̀yìnkùlé, tí Jóṣúà bíríkìlà kàn mọ́lẹ̀ lánàá bí ẹ ṣe yà á sínú àwòrán ilé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i láti Ìlọrin. Mo rí okùn funfun tó so èèkàn kan mọ́ èkejì, ìrì sì wà lára rẹ̀. Mo rí àgbébọ̀ adìẹ kan pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, wọ́n gba abẹ́ okùn kọjá. Mo rí ilé ìdáná Màmá láìsí èéfín, bẹ́ẹ̀ aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí ipa ẹsẹ̀ láìsí bàtà láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ sí àárín okùn, kò sí ipa àbọ̀. Mo rí Màmá níbi tí ipa ẹsẹ̀ náà parí sí. Ọ̀pá iṣu kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó.

Wọn ò mọ̀ pé mo ń wò wọ́n. Wọ́n jáde kúrò nínú okùn, wọ́n fi ọ̀pá náà gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Kò wọlẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Wọ́n padà sínú okùn, wọ́n gún un níbẹ̀. Ó wọlẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi kan ewéko. Wọ́n fà á yọ, wọ́n gbóòórùn ẹnu rẹ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Jóṣúà dé láti wá wo okùn rẹ̀. Ó kí wọn, ó ní, "Ìyá, ṣé pálọ̀ ọmọ yín lẹ fẹ́ gbin iṣu sí ni?"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Jóṣúà, ṣé o lè sún àwọn èèkàn yìí?"

"Ìyá, ọmọ yín ló rán mi níṣẹ́. Bó bá kọ̀wé sí mi pé kí n gbé ilé náà lọ sórí igi ọsàn, n ó wá àkàbà. Bí kò bá kọ̀wé, ọjọ́ Ajé la ó gbẹ́lẹ̀."

"Báwo lẹ ó ṣe gbẹ́ ẹ jìn tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

Màmá wo ọ̀pá ọwọ́ wọn, wọ́n sì wo Jóṣúà. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́ tíṣà mi, wọ́n pè mí. "Dúpẹ́, bí o bá ń bọ̀, ra bébà. Má ra ẹyọ kan o. Ra èyí tó pọ̀."

Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yóò mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la, yóò sì padà wálé lọ́jọ́ Àìkú. Èdè ilé wa ni Màmá fi sọ ọ́. Mo yí i sí Yorùbá inú ìwé kí ìyàwó yín tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè bá yín kà á. Láti ibi yìí lọ, Màmá ló ń sọ̀rọ̀. Níbi tí mo bá ti dá sí i, n ó sọ pé èmi ni.

*

Bámidélé, Àjàní, ọkọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó wa, mo sì kí ohun tó wà nínú rẹ̀. Dúpẹ́ ka lẹ́tà rẹ fún mi pé ibi iṣẹ́ tuntun náà tù ọ́ lára, pé wọ́n fún ọ ní tábìlì tìrẹ. Mo dúpẹ́. Àwòrán ilé tí o fi ránṣẹ́, mo ti rí i pẹ̀lú. Mo dorí rẹ̀ kodò lákọ̀ọ́kọ́, Dúpẹ́ ló bá mi yí i padà.

Kí n tó sọ ohunkóhun, gbọ́ èyí: má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ síbi tí èèkàn wà. Kọ̀wé sí Jóṣúà, kí o sì fi ìwé náà lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ kó tó kúrò ní Ìlọrin. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn nǹkan mìíràn tí èmi àti bàbá rẹ rí lẹ́yìn tí a kọ́ ilé tiwa, nítorí bí mo bá ti ibi ìdí yẹn bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi kò ní lè sọ ìyókù.

Ẹ̀kínní ni pé ilé kì í fẹ́ kí a fi ọjọ́ àjọ̀dún lé e. Yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti bàbá rẹ ń gbé nínú agboolé ńlá nígbà náà. Ó ní ọdún Àjíǹde kò gbọdọ̀ bá òun níbẹ̀ mọ́. Amọ̀ la fi mọ ilé yìí kó tó di pé a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára. Bí o bá mọ ìpele kan, wàá fi í sílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kó gbẹ, kó lè ru ìpele tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni bàbá rẹ ń fún un. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá bá a ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ wọn, èmi ni mo sì ń gún iyán náà. Ojú ń ti bàbá rẹ láti sọ fún àwọn tó ti jẹun yó pé kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ló bá ń mọ ọ́n lọ.

Ìgbà tí a dé ìpele kẹrin, ògiri tó kọjú sí oko yọ ikùn. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ pe agbẹ̀bí o. Ògiri ti lóyún."

Èkejì ní, "Oṣù mélòó ló kù?"

"Ìwọ bi onílé. Òun ló mọ ọjọ́ tó bá a sùn."

Oyún rẹ ló wà nínú mi nígbà náà, Àjàní. Mo gbé igbá iyán dúró, mi ò mọ èwo nínú èmi àti ògiri ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá rẹ mú ọkọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wó ògiri náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látilẹ̀. Inú yàrá kan ṣoṣo yẹn ni Àjíǹde bá wa, ayé ò sì parẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O sọ pé kí ilé tìrẹ ti ní òrùlé kó tó di ọjọ́ ìkómọ. Búlọ́ọ̀kù kò mọ ọjọ́ ìkómọ, ọmọ mi. Bí wọ́n bá bu búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n bomi rin ín, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó le. Pálọ̀ tí wọ́n ti kó ọ jáde tó láti kó ọmọ rẹ náà jáde.

Ẹ̀kejì: béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa dáná. Bàbá rẹ kò bi mí. Ilé ìdáná tó kọ́kọ́ kọ́ fún mi, apá òkè ilé ló gbé e sí, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ọyẹ́ ọdún àkọ́kọ́ dé, gbogbo èéfín mi wọ pálọ̀ lọ bá àlejò. Àwọn èèyàn á wá kí wa kú ìṣílé, wọ́n á máa nu ojú bí ẹni tó wá síbi òkú. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ kan bi í pé, "Ta ló kú nínú ilé tuntun yìí?" Ọjọ́ kejì ló wó o, ó sì kọ́ èyí tí mo ń lò títí dòní. Lórí àwòrán rẹ, Dúpẹ́ fi ibi ìdáná hàn mí, inú ilé ló wà, ògiri kan ṣoṣo ló sì yà á sí pálọ̀. Bóyá sítóòfù lẹ ó máa lò, mi ò mọ̀. Ṣé o ti bi ìyàwó wa? Bí o kò bá tíì bi í, fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ kí o lọ bi í, kí o tó padà wá ka ìyókù.

Ẹ̀kẹta ni ti yàrá. Yàrá mẹ́fà la kọ́, nítorí àwọn ará wa tó ń bọ̀ láti ìlú ńlá nígbà ọdún àti ìsìnkú. Bàbá rẹ ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sùn nílé onílé. Wọ́n ń wá lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún. Ọjọ́ tó kù, eku ló ń gbé e, iṣu ló ń sùn síbẹ̀. Tìrẹ jẹ́ yàrá méje. Kọ́ èyí tí ara rẹ lè gbé, kí o fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá pọ̀, ilẹ̀ ṣì wà, ọwọ́ á ṣì wà.

(Èmi Dúpẹ́ ni mo ń gbá yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òótọ́ ni Màmá sọ.)

Ti aládùúgbò ńkọ́? Bàbá rẹ àti onílé tó wà lápá ọ̀tún wa kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Ààlà ni. Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí kò fẹ̀ ju ojú ọkọ́ lọ, o lè fò ó láìká aṣọ sókè. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ ṣí páànù mẹ́ta lórí wa, nítorí ìṣó tí káfíńtà kàn mọ́ ọn kò tó. Bàbá rẹ wá páànù náà títí. Ìgbà tó di àárọ̀, a rí ọkùnrin náà tó ń bọ̀, páànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí rẹ̀. Ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níwájú ilé. Ó ní, "Òrùlé rẹ wá kí mi nínú oko ẹ̀gẹ́ mi. Ó ní kí n kí ọ." Láti ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, àwọn méjèèjì ló sì jọ gun òkè ilé lọ kan páànù padà. Ìwọ ń gbé ní Ìlọrin. Bí nǹkan bá ṣe ilé rẹ lóru, ọkùnrin yẹn àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kí wọn kí o tó pe bíríkìlà. Ní ti Jóṣúà náà, má bínú sí i nítorí lẹ́tà yìí. Ojú ilẹ̀ ló rí, kò rí inú rẹ̀, iṣẹ́ tí o rán an ló sì ń jẹ́.

Dúpẹ́ bi mí pé ṣé kí òun kọ ẹ̀karùn-ún. Mo ní kó má kọ nọ́ńbà sí i.

Ọ̀rọ̀ kòtò ló kù.

Amọ̀ tí a fi mọ ilé yìí, ibì kan la ti gbẹ́ ẹ. Ó yẹ kí a lọ gbẹ́ ẹ nísàlẹ̀, ní ọ̀nà odò, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́wẹ̀ wó ògiri tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní orí àwọn kì í ṣe ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n gbẹ́ amọ̀ sẹ́yìn ilé gan-an, níbi tí wọ́n ti lè jù ú sára ògiri. Nígbà tí a kọ́lé tán, kòtò náà jìn ju ìdúró èèyàn lọ. Bàbá rẹ ní òun fẹ́ dí i. Èmi ni mo ní kó má dí i.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé òjò ń kún un. Odò jìnnà, o mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ìwọ sì wà lẹ́yìn mi. Omi kòtò ni mo fi ń fọṣọ, òun ni mo fi ń rẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi a máa wí pé, "Ìyàwó tí odò ń bá wálé." Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá rẹ ní òun fẹ́ dí kòtò náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò yìí kọjá ná." Òjò mẹ́ta ló kọjá.

O ti di ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo ń yan gàrí lọ́jọ́ náà. O mọ bí gàrí ṣe rí, bí o bá fi í sílẹ̀ lórí iná, ó ti jó. Ò ń fi kùkù àgbàdo ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ohùn rẹ. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ohùn rẹ mọ́, mo sì rò pé oorun ló gbé ọ. Mi ò gbọ́ igbe. Mi ò gbọ́ kí omi ró. Mo yan gàrí mi tán. Mo mú korobá, mo lọ síbi kòtò láti pọn omi tí n ó fi fọ agbada. Aṣọ rẹ pupa ni mo rí.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọ jáde, iwájú orí rẹ ti là, òkúta kan ló wà nísàlẹ̀. Mo gbé ọ dorí kodò, mo gbá ọ lẹ́yìn, omi jáde, omi jáde. Lẹ́yìn náà lo ké. Àpá tó wà níwájú orí rẹ, tí a sọ fún ọ pé orí ọlọ lo ṣubú lé, kì í ṣe ọlọ. Kòtò ìyá rẹ ni.

Bàbá rẹ ti oko dé, ó bá mi lórí ìjókòó níta pẹ̀lú ìwọ lórí ẹsẹ̀, aṣọ àwa méjèèjì ṣì tutù. Mo sọ fún un. Mo ń retí kó wí pé, "Ṣebí mo sọ fún ọ?" Kò wí i lọ́jọ́ náà, kò sì wí i títí ó fi kú. Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀, ó gbọ́n omi kòtò dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bà ló dà sí i. Koríko òrùlé àtijọ́, pòròpórò àgbàdo, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àfọ́kù ìkòkò, eérú, gbogbo ààtàn. Kò dúró láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí òòrùn tó wọ̀, ó ti fi erùpẹ̀ bo ojú rẹ̀, erùpẹ̀ náà kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ó ní, "Ó tán." Ó gbin àgbàdo sí i. Láti ìgbà náà, àgbàdo ibẹ̀ ló ń ga jù nínú ọgbà wa, nítorí ohun tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ló ń jẹ.

Nígbà tí o wá síbi ìsìnkú àbúrò bàbá rẹ nínú oṣù Kẹfà, o dúró sáàárín àgbàdo náà, ó ga jù ọ́ lọ. O ní, "Màmá, ilẹ̀ tó ṣe báyìí fún àgbàdo, kí ni kò ní ṣe fún ilé?" Inú rẹ dùn. Lẹ́yìn náà lo sọ èyí tó dè mí lẹ́nu. O ní, "Mo lè kọ́ ọ síbi ilé ìdáná yín o, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni n ó ti máa jẹ iyán."

Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ̀rọ̀.

Wò ó, iwájú ilé, sàréè bàbá rẹ ló wà níbẹ̀ àti ọ̀nà mọ́tò. Apá òkè, àpáta ni. Bí kì í bá ṣe ibi kòtò, ibi ilé ìdáná mi nìkan ló kù. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ò ń sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ti kòtò, mo sì fẹ́ràn ilé ìdáná mi. Méjèèjì ló pa ẹnu mi dé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, Àjàní. Mo ń wo orí ọmọ.

Nígbà tí mo rí okùn yẹn lánàá, mi ò lè jẹun. Nígbà kan, mo fẹ́ràn omi tó wà nítòsí ju kí n rìn lọ sódò, ó sì kù díẹ̀ kó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, mo fẹ́ràn ilé ìdáná, mo sì fẹ́ jẹ́ kí o gbé ìyàwó rẹ àti ọmọ tó ń bọ̀ lé orí kòtò kan náà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni Jóṣúà máa gbẹ́. Kò ní dé ìdajì ohun tí bàbá rẹ dà síbẹ̀. Ilé náà á dúró fún òjò kan, á dúró fún òjò méjì, lẹ́yìn náà, igun kan á jókòó, ògiri á sì là láti òkè délẹ̀ lórí ẹni tó bá sùn níbẹ̀.

Nítorí náà, ilé ìdáná mi ni kí wọ́n wó. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára. Ọwọ́ mi ni mo fi rẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Láàárọ̀ òní, ọ̀pá kò lè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò bẹ̀bẹ̀ nǹkan púpọ̀. Kan àtíbàbà kékeré fún mi lábẹ́ igi ọsàn, kó kẹ̀yìn sí ọyẹ́. Òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí Jóṣúà má fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi ni n ó kó wọn.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ erùpẹ̀ tí wọ́n máa fi dí inú ilé rẹ, kí wọ́n lọ bù ú ní ọ̀nà odò. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò kankan nítòsí ilé, ihò ìpìlẹ̀ ni o, ihò ṣáláńgá ni o, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìbò. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ dí, kí wọ́n dí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń tẹ ilẹ̀ ilé. Bí o bá fẹ́ omi nítòsí, gbẹ́ kànga, kọ́ etí rẹ̀ kó ga ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, kí o sì fi ìdérí tó wúwo bò ó. Bí ìyàwó wa bá ní òun ò lè gbé ìdérí náà, kó pe ẹlòmíràn.

Má bínú sí bàbá rẹ pé kò sọ fún ọ. Àṣírí mi ló ń bò. Èmi ni kí o bínú sí, bí o bá fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí Jóṣúà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ilé tí o fẹ́ kọ́ mọ orúkọ rẹ. Kí ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun, kí ó gbọ́ ẹ̀rín àgbà. Kí ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ máa jí.

Èmi ni ìyá rẹ.

*

Bùrọ̀dá mi, èmi Dúpẹ́ nìyí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ padà fún Màmá. Nígbà tí mo dé ibi àpá, wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Mo mú báírò. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Rárá, fi í sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó." Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí àmì yíǹkì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Èmi pẹ̀lú kò mọ̀ nípa kòtò títí di òní. Mo ti gbin ilá síbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí a jẹun alẹ́ tán, Màmá ní àwọn ń bọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ tí wọ́n jáde, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ru nǹkan tó wúwo. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì lọ sùn. Mo mú àtùpà, mo lọ wò ó. Òkúta ààrò méjì ló kù nínú ilé ìdáná, òkúta méjì kò sì lè gbé ìkòkò. Ẹ̀kẹta wà lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n fi àkísà dì í mú gbé e débẹ̀, àkísà náà ṣì wà lórí rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná.

N ó lẹ àpò lẹ́tà yìí pa, n ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí mi kí dẹ́rẹ́bà má bàa lọ láìmú un. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú nìyí, mo fẹ́ lọ dùbúlẹ̀.